Ìhámọ́ra Ẹ̀yìn Màlúù

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá

Àwọn alákòóso líìgì ti ya wèrè. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ ọ́ lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la.

Tẹ́lẹ̀, igba tọ́ọ̀nù ó lé ogójì ni rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́rin inú ẹgbẹ́ kan lè wúwo mọ nínú géèmù wa. Láti òní lọ, igba ó lé mẹ́wàá. Ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù fò lọ bẹ́ẹ̀, nínú ìkéde kan tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ, wọ́n sì fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí ìdí rẹ̀.

Peceli ló kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Avi. Òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa. Bàbá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tavale là ń pe ara wa, nítorí náà kò sí èébú tí kò lè bú mi, èmi náà kì í sì í jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó kà á tán, ó yí àga rẹ̀ sí mi.

"Tavale, ó ti dé bá ọ. Màlúù rẹ máa gbààwẹ̀."

Àádọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ni rọ́bọ́ọ̀tì mi yẹn, kò sì sí ẹyọ tọ́ọ̀nù kan lára rẹ̀ tí kò níṣẹ́. Òun ló ń dúró níwájú tí wọ́n fi ń rí ibi yìnbọn.

"Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ tìrẹ?" mo ní.

"Tèmi á yọ mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n Avi á yọ mẹ́fà. Alumita á yọ ẹyọ kan, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti máa rí i, torí Àdán, rọ́bọ́ọ̀tì tiẹ̀, ò lẹ́ran lára. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ta ló kù nínú yàrá yìí?"

Mo wò yíká. Èmi ni mo kù.

Ó wá sọ pé tí mi ò bá tíì yọ ọ́ kí a tó pàdé àwọn ará Taveuni, Jolame ará Seaqaqa á wá jókòó sórí àga mi. Jolame lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, rọ́bọ́ọ̀tì tirẹ̀ sì ti wà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń wá. Peceli kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Peceli tí kì í sọ gbólóhùn méjì kó má fi ẹ̀rín sí i.

Ará oko ni wọ́n ń pè mí ní Labasa. Ilé-ìwé abúlé wa ní Vunivesi ni mo kà mọ, lẹ́yìn ìyẹn ó di pákó gbígbé. Orí àga yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ti máa ń sọ pé, "Vili, dúró níwájú wa." Mi ò ní í gbé e fún Jolame.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Pákó tó rin wúwo ju Màlúù lọ. Mo kúrò ní ilé ìlagi pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, mo jókòó, mo ṣí gáréèjì inú géèmù náà.

Mo gba egungun fífúyẹ́ fún un. Gbogbo ayé ló ń yìn ín: ó ń dín ìwọ̀n kù, agbára ò dín. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi ni pé egungun náà fúyẹ́ torí pé ó wú. Ó wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó gba gbogbo inú Màlúù, kò ṣẹ́ ku àyè tí n ó kó ọta sí. Mo wá ní àgbá ńlá méjì, mi ò ní nǹkan tí n ó fi sínú wọn. Mo bá wọn wọ ìdánrawò bẹ́ẹ̀, mo dúró láàárín pápá bí òpó iná, wọ́n yìnbọn lù mí títí mo fi wó.

Mo dá egungun àtijọ́ padà sí i. Àwókù irin tí a ti ń kó jọ nínú géèmù láti oṣù Kẹjọ, tí mo fi gba ti tuntun, kò padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n Avi ní kí n gbìyànjú ìhámọ́ra fẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ orúkọ ẹ̀?"

"Orúkọ lásán ni. Ó le tó ti àtijọ́, ó kàn fúyẹ́ ni."

"Kí ló wá dé tí wọn ò fi pè é ní líle?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń ta kọ̀ǹpútà fún irú wa, sùúrù rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó parí sí.

Alumita jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe, èmi wà lẹ́bàá ògiri, Peceli àti Ẹ̀gbọ́n Avi wà láàárín. Alumita sọ̀rọ̀ sí Peceli létí.

Peceli yíjú sí mi. "Ó ní ìhámọ́ra ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Sọ fún un pé ẹ̀yìn mi ni."

"Ó ní ẹ̀yìn òun ni." Ó sọ ọ́ fún Alumita, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó tún yíjú sí mi. "Ó ní kí lo ń fi í ṣe? O kì í yí padà. Láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́, ibi tí o bá kọjú sí lo máa ń kú sí."

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ àbí ìwọ?"

"Ìdajì ìdajì."

Ẹ̀gbọ́n Avi gbé ọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín yín? Ó ń gbọ́ ọ! Òun náà ń gbọ́ ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá Vili àti bàbá Alumita, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n," Peceli ní. "Nílé wa, arákùnrin àti arábìnrin nìyẹn, ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ ti ẹnu ọ̀kan bọ́ sí etí ìkejì ní tààrà. Àárín wa lẹ dàgbà sí, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ogun là ń jà níbí!"

Mi ò yọ ẹ̀yìn kankan.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ọjọ́ òmìnira. Ṣọ́ọ̀bù tì, gbogbo ènìyàn wà ní pápá rọ́gíbì. Mo sùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbà, mo wọ ìhámọ́ra fẹ́lẹ́ fún Màlúù. Tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Mo yọ ìdá kan lára ọta náà, mẹ́ta lọ. Ó ku méje. Mi ò mọ ibi tí méje máa ti wá, àfi kí n gé e lẹ́sẹ̀.

Jolame wá kí wa lónìí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, ó sì jókòó sórí àga mi nígbà tí mo jáde lọ ra ẹja inú agolo, tó tún ti gbówó lórí. Mo wọlé, mo bá a tó ń tẹ àga náà wò.

"Àga yìí mà rọ̀ o," ó ní.

"Dìde."

"Mo kàn ń..."

"Dìde níbẹ̀."

Ó dìde. Peceli ní mo jẹ́ ẹranko. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màlúù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ìdánrawò òní tí mo ti ń rò láti ìgbà náà.

Peceli ń gbé rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó sì sọ sínú maíkì pé, "Tilou." Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, bí ẹnu gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ nílé tí a bá fẹ́ gba ẹ̀yìn àgbàlagbà tó jókòó kọjá, tí a ó tẹ̀ríba, tí a ó rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n Avi fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì rẹ náà tẹ̀ríba?" Nígbà tó yá òun náà kọjá lẹ́yìn mi, òun náà ní, "Tilou o, Màlúù." A rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí mo ń ya kásáfà jẹ lálẹ́ ni ó tó yé mi. Ẹsẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì máa ń dún lẹ́yìn ẹni nínú géèmù yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò sọ ẹni tó ni ín. Bí ẹsẹ̀ bá dún tí tilou sì bá a wá, ará ilé ni. Bí ẹsẹ̀ bá dún láìsí tilou, ọ̀tá ni. Kí ni mo tún fẹ́ fi ìhámọ́ra ẹ̀yìn ṣe? Bí n bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ aláìlẹ́kọ̀ọ́, n ó yí padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ó dùn mí pé Alumita ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀yìn.

Ajé, ogúnjọ́

Dìwálì, ọdún fìtílà. Ẹ̀gbọ́n Avi ti ṣọ́ọ̀bù, ó fún wa ní àkàrà dídùn inú páálí. Mo jẹ tèmi, mo jẹ ti Peceli. Fìtílà wà lójú gbogbo fèrèsé àdúgbò wọn. Ó dára. Ó tún jẹ́ ọjọ́ kan tí a ò ṣe ìdánrawò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo yọ ọ́. Gbogbo ìhámọ́ra ẹ̀yìn Màlúù, tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Fún ìkẹyìn, mo yọ ẹ̀rọ tó ń fi àwọn ará ilé hàn mí lójú àwòrán ilẹ̀, torí tọ́ọ̀nù kan ni. Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo yí Màlúù padà lójú gáréèjì, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà àti páìpù nìkan. Ó dà bí ẹran tí wọ́n ti bó.

"Ó rẹwà," Peceli ní. "Ọmọdé tó mú òkò dání lè pa á báyìí."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn mi ná."

Ó pe Jolame lórí fóònù lójú mi, ó ní kó má ṣe wọkọ̀ wá mọ́ ní Àbámẹ́ta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A NA ÀWỌN ARÁ TAVEUNI.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn láìsí tilou, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá ẹnu àgbá pàdé. Àwọn ará Taveuni rò pé mo ní ojú lẹ́yìn orí. Ẹ̀gbọ́n Avi tètè kú. Líìgì ti gbé kámẹ́rà sí yàrá náà, òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá kú gbọ́dọ̀ bọ́ ohun etí rẹ̀ sílẹ̀ kó sì jáde síta, kó má baà fi ẹnu ran ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ojú wá wa láti ojú fèrèsé bíi baba ọmọ tuntun.

Alumita wà ní òdìkejì pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ronú sí ìyẹn nígbà náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Iná lọ. Òjò. Kò sí nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá

Mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Ó ti ku àwọn ará Bua méjì, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè. Mo dúró lẹ́nu afárá, mo kọjú sí wọn. Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ kíákíá, ó ń bọ̀ kánkán. Mo dúró de tilou. Kò dé. Mo yí padà, mo da àgbá méjèèjì bò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Àdán ni. Alumita ni. Ó fẹ́ gba ẹ̀yìn mi lọ gbá àwọn ará Bua mú láti ẹ̀gbẹ́. Àdán kò ní ara tó lè gba àgbá kan, ká má tíì sọ méjì. Ó túká. Nígbà tí ẹ̀yìn mi sì ti kọ sí àwọn ará Bua, wọ́n yìnbọn sí i, mo kú. Peceli àti Ẹ̀gbọ́n Avi ò lè dá a ṣe.

Alumita bọ́ ohun etí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì jáde. Kò wò mí. Kò gbọdọ̀ wò mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àìwò tòní yàtọ̀.

Nígbà tí eré parí, mo pariwo mọ́ Peceli pé kí ló dé tí Alumita kò fi sọ tilou.

"Ta ni kó sọ ọ́ fún?" Peceli pariwo padà. "Ìwọ? Ṣé ó lè bá ọ sọ̀rọ̀?"

Àwa mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tó rò ó. Èmi tí mo gbé gbogbo ẹ̀yìn mi lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo gbàgbé pé ẹnì kan wà láàárín wa tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi. Ẹran ni mí lóòótọ́.

Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ ilé. A ti jẹ ìkan.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ṣọ́ọ̀ṣì. Oníwàásù sọ̀rọ̀ nípa Kéènì àti Ébẹ́lì. Peceli fi ìgúnpá gún mi ní ìhà, mo fẹ́ lù ú níbẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

"O yìnbọn fún ọmọ bàbá rẹ obìnrin láti ẹ̀yìn wá," Peceli ní. "Nílé, yaqona lo máa gbé lọ bẹ bàbá ẹ̀."

"Iwájú ni. Mo ti yí padà kí n tó yìnbọn fún un."

"Ìyẹn tilẹ̀ burú jù!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo lọ sí ọjà lẹ́yìn iṣẹ́, mo ra ìdì gbòǹgbò yaqona kan, èyí tí à ń pò mu tí a fi ń bẹ̀bẹ̀, tó dáa, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ̀ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí Peceli rí i, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Vili. Géèmù ni."

"Nígbà tó o fẹ́ gbé àga mi fún Jolame, ṣé géèmù ni?"

Ó ní òun á ṣe agbẹnusọ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Bàbá Alumita máa ń wá ta dalo, kókò tiwa, lọ́jà ní Ọjọ́rú. Àbúrò bàbá mi ni, èmi náà sì ń pè é ní bàbá. A ní kó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀ àti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó wo àwọn kọ̀ǹpútà, ó wò wá tí a ti tẹ́ ẹní sáàárín wọn, ó sì jókòó láìbéèrè nǹkan kan. Alumita jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Peceli ló ṣe agbẹnusọ mi. Ọ̀dọ̀ tiwọn kò ní agbẹnusọ, ni Ẹ̀gbọ́n Avi bá ní òun á ṣe é. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀, ó sì ṣe é ju bí àwọn àgbà abúlé wa mìíràn ti ń ṣe é lọ.

Mo gbé yaqona náà síwájú, mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Peceli bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó sọ pé ọmọ ilé ti ṣẹ ilé, pé ó mọ̀, pé kò rí ibi gbé ojú sí. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, ó kólòlò.

"Ó yìnbọn fún... ó yìnbọn fún Àdán Alumita."

Bàbá gbé ojú sókè. "Àdán wo?"

"Rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ ni, Bàbá. Nínú ẹ̀rọ."

"Ó ti kú?"

"Ó ti kú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ti jí. Wọ́n máa ń jí."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan fún imú láti má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n Avi ni. Mi ò gbé orí.

Bàbá ronú. "Ṣé ó mọ̀ pé Alumita ni nígbà tó yìnbọn fún un?"

"Kò mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí kò mọ̀?"

"Torí Alumita ò lè sọ tilou sí i."

Bàbá ní, "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọmọdékùnrin yìí. Ẹ̀bi èmi àti bàbá rẹ̀ ni, tí a jẹ́ ọmọ ìyá kan." Ó fọwọ́ kan yaqona náà, Ẹ̀gbọ́n Avi sì gbà á lórúkọ wọn, ó pàtẹ́wọ́ tó dún kìjikìji, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, ilẹ̀ ti mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. A pò ó, a mu ún. Oníbàárà kan wọlé wá tẹ ìwé, ó bá wa lórí ẹní, ó bá wa mu ún.

Kí Bàbá tó lọ, ó béèrè iye tí rọ́bọ́ọ̀tì mi ń jẹ lóòjọ́. Peceli ní gbogbo nǹkan tó bá rí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bí a ṣe fẹ́ ṣe ti Alumita ti di ìpàdé lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n Avi ní kó máa kan tábìlì. Pẹ̀lú ohun tí mo fi bo etí, mi ò gbọ́ kíkàn kankan. Ó ní kó máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ tí yóò fi kọ ọ́ ni ó fi ń sáré. Mo ní kí n dá ìhámọ́ra ẹ̀yìn padà, kí n yọ àgbá kan. Peceli ní Màlúù tó ní àgbá kan, ewúrẹ́ ni.

Ìpinnu: Peceli á máa sọ ọ́ fún un. Bí Alumita bá fẹ́ kọjá, á sọ fún Peceli, Peceli á ní, "Tilou ti Alumita." A dán an wò. Ó ń pẹ́ díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, Peceli ń jẹ rótì, ohun tó jáde ni "Hihou hi Ahuhiha," mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yìnbọn fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìjì ń bọ̀ láti àríwá, wọ́n ní ó lè yà. Ẹ̀gbọ́n Avi ti yá ẹ̀rọ amúnáwá. Mi ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Àwọn ará Savusavu la bá jà. Ẹni tó bá borí ló ń lọ Suva fún àṣekágbá, ẹni tó bá pàdánù, ó di ọdún mìíràn. Ìjì náà yà, òjò rẹ̀ kò yà. Ó ń lu páànù bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní nǹkan.

Wọ́n dára. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n Avi mú ìkan lọ kí òun náà tó lọ. Peceli mú ìkan. Lẹ́yìn náà ni ohùn Peceli pariwo létí mi pé, "Yéè, wọ́n ti gbá mi," ó sì dákẹ́. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i tó dìde, tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti jáde lọ bá Ẹ̀gbọ́n Avi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ku àwa méjì, ó ku àwọn méjì. Èmi àti Alumita nínú yàrá, àga méjì òfìfo láàárín wa, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ kankan fún wa.

Ọ̀kan nínú wọn wà níwájú mi lẹ́yìn àpáta, ó ń yọjú, ó ń yìnbọn, mo ń dá a lóhùn. Èkejì, mi ò mọ ibi tó wà. Alumita, mi ò mọ ibi tó wà.

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn mi.

Mo dúró de tilou, mo sì mọ̀ pé kò ní dé, ẹni yòówù kó jẹ́. Bí mo bá yí padà, ẹni iwájú á pa mí. Bí mi ò bá yí, tó bá jẹ́ ọ̀tá, á pa mí. Bí mo bá yí, tó bá jẹ́ Alumita, n ó tún yìnbọn fún un. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnì yíyí.

Mo gbé e kúrò. Mo ní kí n kú. Mi ò ní í yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Mo kọjú síwájú, mo ń yìnbọn. Ẹsẹ̀ náà sún mọ́ mi, ó sún mọ́ mi, ó dúró. Nǹkan kan gbún Màlúù ní ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fara tini. Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbá dún láti ẹ̀yìn. Mo di ojú.

Mi ò kú.

Àgbá tún dún. Mi ò kú síbẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé mi. Àdán ti fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn mi. Ó kọjú sí èkejì tó ń bọ̀, ó fi ara rẹ̀ bíńtín di ibi tí mo ti bó sílẹ̀, ó sì ń gba ohun tó yẹ kí n gbà. Ẹni iwájú yọjú, mo mú un. Ó wó. Mo gbọ́ tí Àdán náà wó lẹ́yìn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, Màlúù sì ń yí bí ọkọ̀ ojú omi tó kún fún ẹrù, mo ń bú u, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀tá tó kù ti yìnbọn jù kí ó tó mú Àdán wó, ooru ti mú un, ó dúró gbagidi, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Mo da méjèèjì bò ó.

Nígbà tí mo bọ́ ohun etí, òjò nìkan ni mo gbọ́. Àga Alumita ti ṣófo, ó ti jáde bí òfin ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni Peceli já ilẹ̀kùn wọlé, ó gbá mi mọ́ra pẹ̀lú àga, a ṣubú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àwọn alákòóso líìgì ya wèrè, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kéde lónìí pé ní Suva, ìwọ̀n padà sí igba ó lé ogójì. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ráhùn. Ta ló ráhùn? Èmi ni mo ráhùn! Wọn ò gbọ́ mi ní oṣù Kẹwàá!

Peceli kà á, ó dojú bo tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó dìde, ó nu ojú.

"Ó dáa. Tavale, kó ìhámọ́ra rẹ padà. Wọ ẹ̀yìn fún ẹran náà kí òtútù má baà mú un."

"Rárá."

"Kí ni rárá?"

"Mi ò wọ̀ ọ́."

"Vili, ọ̀fẹ́ ni! Wọ́n ti dá a padà! Ọ̀sẹ̀ méje lo fi ń sunkún ẹ̀yìn!"

"Sọ fún Alumita pé kó kó tọ́ọ̀nù mẹ́fà yẹn wọ Àdán. Níwájú."

Ẹ̀gbọ́n Avi ti ń fọwọ́ lérí. Peceli wò mí, ó wo Alumita, ó tún wò mí. Ó yíjú sí i.

"Ó ní kí o kó tọ́ọ̀nù mẹ́fà wọ Àdán. Níwájú."

Alumita kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kí ó sọ fún mi pé olórí kunkun ni mí, pé Àdán á lọ́ra bí ó bá wọ mẹ́fà, pé òun á mú mẹ́ta, kí n sì fi mẹ́ta tó kù ra ọta.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dúró títí Peceli fi sọ ọ́ tán.